Ẹ Má Ṣe Lé Olùṣọ́ Nítorí Pé Ó Ń Jẹun

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní ordinateur. Ní Kétu, ní Sábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ibi tí ẹ bá ti rí kọ̀ǹpútà ní ibùdó ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹ̀rọ àlòkù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Agbára wọn kò pọ̀ mọ́. Síbẹ̀, wọ́n wúlò fún wa. Inú wọn ni a ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sí. Inú wọn ni ẹgbẹ́ alájọ ń kọ ìṣírò owó wọn sí. Òun ni a fi ń tẹ lẹ́tà, tí a sì fi ń béèrè ìwé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìṣòro kan wà lára àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. A ó tan ẹ̀rọ, a ó jókòó tì í, kò ní dá wa lóhùn. A ó tẹ lẹ́tà kan, lẹ́tà náà kò ní jáde. Bí a bá wádìí, a ó rí i pé olùṣọ́ inú ẹ̀rọ ni ó ń gba ìròyìn tuntun lọ́wọ́. Nígbà náà ni ẹnì kan yóò pariwo pé: "Ẹ yọ olùṣọ́ yẹn dànù! Òun ló ń dá wa dúró."

Èmi kò fara mọ́ ọn. Èrò mi ni pé olùṣọ́ kò ṣẹ̀ wá. Wákàtí tí a fi ń fún un ní oúnjẹ ni kò dára. Bí a bá yí wákàtí náà padà, tí a sì dín ẹrù ẹ̀rọ kù, ẹ̀rọ yóò yá díẹ̀ sí i, olùṣọ́ yóò sì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

TA NI OLÙṢỌ́ INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kétu mọ Àkàbà Ìdẹ̀nà. Ẹnubodè àtijọ́ ni, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ayé àwọn baba wa, odi àti yàrà yí ìlú ká. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti gba ẹnubodè, lójú àwọn oníbodè.

Kọ̀ǹpútà náà ní ẹnubodè. Ohun tó ń wọ inú rẹ̀ lè gba ojú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ó sì lè ti inú clé wọlé, ìyẹn ohun kékeré tí a fi ń kó ìwé àti àwòrán láti inú ẹ̀rọ kan lọ sí òmíràn. Ètò kan wà tó ń ṣọ́ ẹnubodè yìí. Antivirus ni orúkọ rẹ̀. Olùṣọ́ ni èmi yóò máa pè é.

Kí ni olùṣọ́ ń ṣọ́? Ó ń ṣọ́ kòkòrò kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe kòkòrò tó ń fò tàbí tó ń rákò. Ètò búburú tí ènìyàn kọ ni. Òmíràn a máa pa ìwé wa rẹ́. Òmíràn a máa fi wọ́n pamọ́, kí a má lè rí wọn mọ́. Òmíràn a máa jí ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọ ibi tí owó wa wà.

Báwo ni olùṣọ́ ṣe ń mọ olè? Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kọ àmì àwọn olè sí. Bí nǹkan bá fẹ́ wọlé, olùṣọ́ yóò wò ó, yóò sì wo inú ìwé náà. Bí àmì méjèèjì bá bára mu, yóò dá a dúró. Ṣùgbọ́n olè tuntun ń dé lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ AV-TEST ní ilẹ̀ Jámánì, tó ń dán àwọn olùṣọ́ wò, sọ pé ètò búburú tuntun tí òun ń kọ sílẹ̀ lóòjọ́ ju 450,000 lọ. Nítorí náà, olùṣọ́ tó ń lo ìwé ọdún tó kọjá dà bí oníbodè tó di ojú. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan.

Ìdí nìyí tí olùṣọ́ fi gbọ́dọ̀ máa gba àmì tuntun. Mise à jour ni àwọn elédè Faransé ń pè é. Àwa lè pè é ní ìsọdọ̀tun. Oúnjẹ olùṣọ́ ni.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ẹ̀RỌ FI Ń LỌ́RA?

Bí ìsọdọ̀tun bá dé, iṣẹ́ mẹ́rin ni olùṣọ́ ń ṣe. Yóò gba ìwé tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò tú u, yóò kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Yóò kó o sínú ìrántí ẹ̀rọ, kí ó lè máa wò ó kíákíá. Nígbà púpọ̀, yóò tún àwọn ìwé inú ẹ̀rọ yẹ̀ wò, bóyá olè tí kò mọ̀ lánàá ti wà nílé.

Ẹ wo ìrántí ẹ̀rọ bí àtẹ ìyá ọlọ́jà. Ohun tó wà lórí àtẹ, kíákíá ni ọwọ́ ń tó o. Bí àtẹ bá kún, ìyá ọlọ́jà ní láti máa sáré lọ sí inú yàrá ìkẹ́rùsí, kí ó gbé ọ̀kan wá, kí ó gbé òmíràn padà. Iye àtẹ ẹ̀rọ ni a ń fi gígà kà. Ẹ̀rọ tó ní gígà 8 ní àtẹ tó gbòòrò. Ẹ̀rọ tó ní gígà 2 ní àtẹ kékeré. Windows nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Bí olùṣọ́ bá tún gbé ìwé tuntun lé e, àtẹ ti kún nìyẹn.

Yàrá ìkẹ́rùsí inú ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè ní disque. Disque ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ́ àwo tó ń yí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá kan ń lọ, ó ń bọ̀ lórí àwo náà láti ka ohun tó wà níbẹ̀. Apá náà kò lè wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olùṣọ́ bá rán an lọ sí apá ọ̀tún, tí Windows rán an lọ sí apá òsì, tí ẹ̀yin náà fẹ́ ṣí ìwé yín, gbogbo yín ni yóò dúró. Ìyẹn ni ẹ̀rọ kò fi dáhùn. Kò sùn. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un.

Ìdí kejì wà, òun ni a kì í sábà rò. Olùṣọ́ tó wà nínú Windows ń rí ìwé tuntun gbà ní ìgbà púpọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí a bá ń tan ẹ̀rọ lójoojúmọ́, ìyàtọ̀ díẹ̀ ni ó ní láti gbà. Ó kéré, ó yá. Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń ṣe? Bí iṣẹ́ oko bá pọ̀, a ó ti kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ó ti ẹ̀rọ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ tí a bá padà dé, a ó tan án ní agogo méje alẹ́, lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ìyàtọ̀ díẹ̀ kò lè tó mọ́. Olùṣọ́ ní láti gba odindi ìwé náà, tó ju mégà 100 lọ. Windows fúnra rẹ̀ yóò sì máa gba tirẹ̀. Ẹni tí ebi pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ó bá rí oúnjẹ, ṣé yóò rọra jẹ ẹ́?

Mi ò sọ pé kí ẹ má bínú o. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣírò rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 20 bá dúró de ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 600 ni gbogbo wọn pàdánù. Wákàtí 10 nìyẹn. Àwọn tó pàdánù rẹ̀ ni ìyá tó ti ọjà dé, àti bàbá tó ti oko dé tó fi oúnjẹ sílẹ̀ wá sí kíláàsì. Àdánù ńlá ni. Ẹni tó ń ráhùn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n oògùn tó fẹ́ lò ni yóò dá egbò mìíràn sílẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN KAN Ń SỌ

Àwọn kan ní: "Ẹ̀rọ wa kì í lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò nílò olùṣọ́." Mo bi wọ́n pé: clé ńkọ́? Clé tí a fi gba ìwé ní ilé àwọn tó ń tẹ̀wé, ẹ̀rọ mélòó ni ó ti wọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹ̀yin náà ti rí irú clé tí gbogbo ìwé inú rẹ̀ pòórá, tí àmì kéékèèké tí kò ṣeé ṣí wá rọ́pò wọn. Iṣẹ́ kòkòrò ni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, kòkòrò kan jáde tí a ń pè ní Conficker. Ó ń gba ojú okùn tó so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ara wọn, ó sì ń gun clé bí èrò ṣe ń gun ọkọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ó wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé. Bí ó bá lè wọ ọ̀dọ̀ ọmọ ogun, ṣé kíláàsì alẹ́ ni kò ní wọ̀?

Àwọn mìíràn ní: "Ìsọdọ̀tun lè dúró. Ẹ jẹ́ kí a sún un síwájú." Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2017. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún náà, ilé iṣẹ́ Microsoft fi ìsọdọ̀tun kan ránṣẹ́ láti dí ihò kan tó wà lára Windows. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, kòkòrò WannaCry gba inú ihò náà wọlé. Ó ti ìwé àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣí i. Ó mú kọ̀ǹpútà tó ju 200,000 lọ ní orílẹ̀-èdè bíi 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn dá àwọn aláìsàn padà sílé. Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ Renault dá iṣẹ́ dúró ní àwọn kan nínú ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Oògùn ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Àwọn baba wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìsọdọ̀tun ni a fi ń dí ẹnu ògiri.

Àwọn kan tún wà tó ní: "Mo mọ ẹni tó lè fún wa ní olùṣọ́ olówó ńlá lọ́fẹ̀ẹ́." Ẹ ṣọ́ra. Olùṣọ́ tí a jí gbé, tí a fi ayédèrú kọ́kọ́rọ́ ṣí, kì í sábà lè gba ìsọdọ̀tun bó ti yẹ. Nígbà mìíràn, inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi kòkòrò pamọ́ sí. Ta ni yóò gba olè sí iṣẹ́ ọdẹ?

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ọ̀nà méje ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Kò sí èyí tó ju agbára wa lọ.

Ọ̀nà kìíní: Ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ẹ má ṣe dá olùṣọ́ lẹ́bi láì rí ẹ̀rí. Ẹ tẹ Ctrl, Maj àti Échap pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ìwé kan yóò ṣí tó ń jẹ́ Gestionnaire des tâches. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Processeur, Mémoire àti Disque sí. Nọ́ńbà tó bá sún mọ́ 100 ni ibi tí ẹrù ti wúwo. Ẹ wo orúkọ ẹni tó ń lò ó. Bí ẹ bá rí Antimalware Service Executable, olùṣọ́ Windows nìyẹn. Bí ẹ bá rí orúkọ mìíràn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé olùṣọ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀nà kejì: Olùṣọ́ kan ṣoṣo ni kí ó wà. Àwọn kan rò pé olùṣọ́ méjì yóò ṣọ́ ilé ju ọ̀kan lọ. Rárá o. Alákétu méjì kì í jókòó sórí ìtẹ́ Kétu lẹ́ẹ̀kan náà. Olùṣọ́ méjì yóò máa fura sí ara wọn. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì yóò máa yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ ni yóò jìyà rẹ̀. Windows 10 àti Windows 11 ti ní olùṣọ́ tiwọn tẹ́lẹ̀, a kò sì san owó rẹ̀. Ó tó fún ẹ̀rọ kékeré. Bí olùṣọ́ mìíràn bá wà níbẹ̀ tó kó ọ̀pọ̀ nǹkan tí a kò béèrè dání, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ ọ́ kúrò bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ti Windows ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀nà kẹta: Ẹ yí wákàtí oúnjẹ padà. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Bí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje, kí ẹnì kan tan ẹ̀rọ ní agogo mẹ́fà, kí ó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi í sílẹ̀. Olùṣọ́ yóò jẹun tán kí àlejò tó dé. Bí kíláàsì bá wà ní ìsinmi, kí a máa tan ẹ̀rọ fún wákàtí kan ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bí iná bá wà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Oúnjẹ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà sàn ju àjẹkì ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ọ̀nà kẹrin: Ẹ yan àkókò fún àyẹ̀wò ńlá. Yàtọ̀ sí oúnjẹ, olùṣọ́ a máa yẹ gbogbo ilé wò láti orí dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè lo Planificateur de tâches láti fi àyẹ̀wò náà sí ọ̀sán ọjọ́ tí kò sí kíláàsì, tí ẹ̀rọ wà ní títàn. Ohun mìíràn tún wà. Bí olùṣọ́ Windows bá ń ṣe àyẹ̀wò tí a yan àkókò fún, ìlànà rẹ̀ ni pé kí ó má lò ju 50 nínú 100 agbára ẹ̀rọ lọ. A lè sọ ọ́ di 20. Àyẹ̀wò yóò pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gba ẹ̀rọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀nà karùn-ún: Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pín in. Mégà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ibùdó bá ní ẹ̀rọ 5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba mégà 100, mégà 500 ni forfait yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n Microsoft gbé odindi ìwé olùṣọ́ rẹ̀ sí ojú íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Kí ẹ̀rọ kan gbà á láti ọ̀dọ̀ Microsoft fúnra rẹ̀. Kí a fi í sínú clé tó mọ́, kí a sì gbé e kiri àwọn ẹ̀rọ tó kù. Kí a ṣọ́ra, nítorí ìwé ẹ̀rọ 32 bit yàtọ̀ sí ti 64 bit. A sì tún lè sọ fún Windows pé íntánẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ connexion limitée. Nígbà náà, kò ní máa fa ẹrù ńlá láì béèrè. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ náà lè dúró pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí a yàn, kí a fi ọwọ́ ara wa tẹ ibi tí a ti ń wá ìsọdọ̀tun.

Ọ̀nà kẹfà: Ẹ sọ ẹrù ẹ̀rọ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò a máa jí bí a bá ti tan ẹ̀rọ, láì jẹ́ pé a pè wọ́n. Nínú Gestionnaire des tâches, ibì kan wà tó ń jẹ́ Démarrage. Ibẹ̀ ni a ti lè dá wọn dúró. Kí a má dá olùṣọ́ dúró o. Ẹ má sì gbàgbé eruku. Ní àkókò ọyẹ́, eruku a máa dí ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí. Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ yóò dín ìyára rẹ̀ kù. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku náà. Bí owó bá wà lápò ẹgbẹ́, ẹ má ṣe sáré ra ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ béèrè bóyá a lè fi ìrántí kún èyí tó wà nílẹ̀, kí gígà 2 di 4. Ẹ sì béèrè bóyá a lè fi SSD rọ́pò disque tó ń yí. SSD kò ní àwo, kò ní apá tó ń sáré kiri. Nínú gbogbo ohun tí a lè fi owó ṣe sí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ní disque tó ń yí, òun ni ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń hàn jù.

Ọ̀nà keje: Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé yín. Olùṣọ́ tó dára jù lọ lè sùn lọ́jọ́ kan. Kí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìṣírò owó ẹgbẹ́ wà ní ibi méjì, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú clé tí a kì í lò fún nǹkan mìíràn. Kí a yọ clé náà lára ẹ̀rọ bí a bá ti ṣe tán. Kí ìwé tí a fi ọwọ́ kọ sì wà pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé tí a fi bíírò kọ ti di ohun àtijọ́.

ÒTÍTỌ́ Ọ̀RỌ̀

Kí ẹ má baà sọ pé mo gbè sẹ́yìn olùṣọ́ jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun méjì tí kò dùn ún gbọ́.

Èkíní, olùṣọ́ náà lè ṣe àṣìṣe. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ṣe olùṣọ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, fi ìsọdọ̀tun tó ní àbùkù ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ni ó dá kú. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé kí a lé gbogbo olùṣọ́? Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn lọ́wọ́, a kì í tìtorí rẹ̀ fi eyín bó iṣu. Ohun tí ọjọ́ náà kọ́ wa ni ọ̀nà keje: kí ìwé wa wà ní ibi méjì.

Èkejì, àwọn ẹ̀rọ kan ti gbó kọjá ohun tí olùṣọ́ lè gbà là. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 7 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Ó dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ó sọ pé olùṣọ́ inú Windows 10 yóò ṣì máa rí àmì olè tuntun gbà títí di oṣù kẹwàá ọdún 2028. Ó dára, ṣùgbọ́n olùṣọ́ kò lè mọ ògiri. Bí ẹ̀rọ yín bá ṣì ń lo Windows 7, kí ẹ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ nípa Linux. A kì í san owó rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Linux Mint Xfce lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ní gígà 2, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gígà 4 ni ó dára jù. Ojú rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ A, B, D lẹ́yìn ogójì ọdún kò lè bẹ̀rù ojú tuntun.

TA NI YÓÒ ṢE É?

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Wọ́n ń rò pé iṣẹ́ olùkọ́ ni. Rárá. Iṣẹ́ gbogbo wa ni. Kì í ṣe olùkọ́ nìkan ni ó ń gbálẹ̀ kíláàsì. Kí a kọ orúkọ sára ògiri, bí a ti ń kọ ti gbígbá ilẹ̀: ẹni tí yóò tan ẹ̀rọ ní ọjọ́ Ajé, ẹni tí yóò tan án ní ọjọ́rú, ẹni tí yóò ṣe ẹ̀dà ìwé ní ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹni náà kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ìwé kíkà àti ìwé kíkọ nìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tó bá ṣe é fún oṣù mẹ́ta kò ní bẹ̀rù kọ̀ǹpútà mọ́.

Ẹ̀rọ àlòkù kò ní di tuntun. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Yóò ṣì máa fà díẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe ń rọra rìn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín àgbàlagbà tó ń rọra rìn àti ẹni tí a di ẹrù mẹ́ta rù. Ẹ jẹ́ kí a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùṣọ́ jẹun ní àkókò. Kí ẹ tó gbà fún ẹnikẹ́ni láti yọ ọ́ kúrò, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: bí ìwé wa bá sọnù lọ́la, ṣé ìwọ ni yóò tún un kọ?

Ẹ JẸ́ KÍ A JÍRÒRÒ

1. Kí ni olùṣọ́ kọ̀ǹpútà ń ṣe? Kí ló dé tó fi ń gba ìsọdọ̀tun?

2. Kíláàsì kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 15. Ẹ̀rọ dá wọn dúró fún ìṣẹ́jú 20. Ìṣẹ́jú mélòó ni gbogbo wọn pàdánù? Wákàtí mélòó nìyẹn?

3. Ibùdó kan ní ẹ̀rọ 4. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba mégà 100, mégà mélòó ni? Bí ẹ̀rọ kan bá gbà á tó sì pín in fún àwọn tó kù, mégà mélòó ni wọn kò ní ná?

4. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ fara mọ́ èrò olùkọ̀wé yìí? Ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ gbólóhùn mẹ́ta lórí rẹ̀.